Ọkọ̀ tó dúró sójú kan lórí agbami: bí ọjà epo inú òkun ṣe ń lọ, àti ẹni tó ń kọ́kọ́ gba owó rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ Shell fẹ́ ná nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là sórí iṣẹ́ epo kan tí wọ́n ń pè ní Bonga North. Ọ̀rọ̀ náà dé Tákíé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ bó ṣe dé ibi gbogbo, oníkálùkù sì ń sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnìkan ní ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi lọ ra epo wá láti òkè òkun. Ẹlòmíràn ní kànga tuntun ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sínú oko àwọn ará Bayelsa. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta díísù lọ́nà Ìlọrin ló béèrè èyí tó mú ọgbọ́n dání jù: "Bí irú owó báyìí bá ń wọlé, kí ló dé tí epo ṣì wọ́n tó báyìí?"

Mi ò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, nítorí ohun mẹ́ta ló wọnú ara wọn: ọkọ̀ tí kì í rìn, ọjà tí kò ní ìsọ̀, àti àdéhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà rí.

Ọkọ̀ náà ni kí n kọ́kọ́ mú. FPSO ni àwọn oníṣẹ́ epo ń pè é, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fa epo, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń gbé e fún oníbàárà. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ yóò ní ọkọ̀ ojú omi ńlá lásán ni, torí ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó sì ń léfòó. Ṣùgbọ́n kì í lọ sí ibì kankan. Wọ́n á wọ́ ọ dé orí ibi tí epo wà, wọ́n á fi ṣéènì àti okùn irin dè é mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ odidi ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya epo sọ́tọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná wà níbẹ̀, ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn wà níbẹ̀, pápá tí hẹlikópítà ń bà sí náà wà níbẹ̀. Inú ikùn rẹ̀ ni àwọn tánkì tó ń gba epo pamọ́ wà.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú ri òpó irin mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbé pèpéle lé e lórí? Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí omi kò bá jìn. Ṣùgbọ́n irin ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Pèpéle kan tó wà lára àwọn tó ga jù láyé, Bullwinkle, tí wọ́n gbé sínú òkun Gulf of Mexico ní ọdún 1988, omi tó dúró sí jìn tó 412 mítà. Omi Bonga, pápá epo Shell nínú agbami wa, ju 1,000 mítà lọ. Ti Egina, pápá epo mìíràn nínú agbami wa, tó nǹkan bí 1,600 mítà. Kò sí ẹsẹ̀ irin tó máa ti ìsàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ dé òkè kí owó rẹ̀ má gbé ẹni tó ń kọ́ ọ mì. Ohun tó kù ni kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ léfòó.

Ọ̀nà jíjìn tún wà ńbẹ̀. Bonga fi nǹkan bí 120 kìlómítà jìnnà sí etíkun Niger Delta, ó ju ibi tí a wà yìí sí Ìbàdàn lọ. Bí ọkọ̀ bá ní tánkì tirẹ̀, kò sí ìdí láti tẹ́ páìpù epo rọ̀bì wá sí èbúté, kò sì sí ìdí láti gbà á kọjá láàárín àwọn odò kéékèèké tí àwọn olè ti ń lu páìpù. Èyí jẹ́ ara ohun tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ta ti orí ilẹ̀ dànù, kí wọ́n sì máa wá inú agbami lọ. Síbẹ̀, jíjìn nìkan kì í ṣe ààbò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, àwọn ajìjàgbara MEND fi ọkọ̀ kékeré tọ Bonga lọ lórí agbami, Shell sì dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé epo náà láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ni ẹnu kànga wà. Omùwẹ̀ kankan kò lè dé ibẹ̀, nítorí ìwúwo omi tó wà lókè yóò tẹ̀ ẹ́ pa. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí kànga tí wọ́n sì ti ń tì í, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń rán lọ tún un ṣe. Gbígbóná ni epo ń jáde látinú ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ yẹn tutù gan-an, ìwọ̀n 4 péré ni lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí epo bá dúró pẹ́ nínú páìpù níbẹ̀, ó lè dì, gáàsì àti omi inú rẹ̀ náà sì lè para pọ̀ di nǹkan bíi yìnyín tí yóò dí páìpù pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wé páìpù náà, tí wọ́n sì ń da kẹ́míkà sí i. Bí ó bá dí, títú u lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní sí owó kankan tí kànga yẹn ń mú wọlé ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ohun tó bá dé orí ọkọ̀ kì í ṣe epo nìkan. Epo, gáàsì, omi iyọ̀ àti iyanrìn ló jọ ń bọ̀. Wọ́n á dà á sínú àgbá irin ńlá kan, wọ́n á jẹ́ kó fara balẹ̀ níbẹ̀. Gáàsì á lọ sókè, omi á lọ sísàlẹ̀, epo á wà láàárín. Wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á máa dín ìtẹ̀sí inú àgbá kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí epo yóò fi rọ̀, tí kò ní gbé gáàsì tó lè bú gbàmù sínú tánkì. Wọ́n ń fi díẹ̀ nínú gáàsì náà pèsè iná fún ọkọ̀, wọ́n ń ti díẹ̀ padà sínú ilẹ̀. Ti Bonga ń gba inú páìpù abẹ́ òkun lọ sí Bonny níbi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di olómi. Wọ́n tún ń fa omi òkun, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń tì í sínú ilẹ̀ kí ó lè máa lé epo bọ̀ wá sókè.

Bonga lè ṣe 225,000 àgbá lójúmọ́, tánkì inú rẹ̀ sì ń gba mílíọ̀nù méjì àgbá. Àgbá kan jẹ́ lítà 159. Àwọn tánkà tí ẹ ń rí tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ẹ mú èyí tó ń gba 33,000 lítà nínú wọn. Ó máa ju 9,600 irú rẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè kó ohun tó wà nínú ikùn ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí tán.

Ẹ tún wo ìṣirò kan sí i, torí òun ló ṣí ojú mi sí bí ọjà náà ṣe le tó. Bí ọkọ̀ bá ń ṣe 225,000 lójúmọ́, tí tánkì rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù méjì, kò ní pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí yóò fi kún. Ọkọ̀ oníbàárà gbọ́dọ̀ ti dé kí ó tó kún. Kì í sún mọ́ FPSO pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Ó máa ń so ara rẹ̀ mọ́ àgbá irin ńlá kan tó léfòó ní ọ̀ọ́kán, wọ́n á na rọ́bà fún un, wọ́n á sì máa fa epo sínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí oníbàárà bá pẹ́ dé, bí ìgbì bá le, bí ìwé rẹ̀ bá ní àbùkù, tánkì á kún dé ẹnu, wọ́n á sì ti kànga pa. Nítorí náà, àwọn tó ń ta epo yìí ti tà á, wọ́n ti kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé sílẹ̀ kí epo náà tó jáde nínú ilẹ̀ rárá.

Oríṣi mìíràn wà tó yàtọ̀ sí FPSO. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ńláńlá tó ṣófo tí ìdajì rẹ̀ ń rì sínú omi. Àwọn kan ni wọ́n fi okùn irin fà mọ́lẹ̀ ṣánṣán kí wọ́n má lè fò sókè. Àwọn kan dà bí òpó gígùn tó dúró lóòró, bíi Perdido tó wà nínú Gulf of Mexico lórí omi tó jìn tó nǹkan bí 2,450 mítà. Amẹ́ríkà fẹ́ràn irú ìwọ̀nyí nítorí pé páìpù pọ̀ lábẹ́ òkun wọn, wọn kò nílò tánkì lórí omi. Àwa níhìn-ín àti àwọn ará Brazil, FPSO ló bá wa lára mu. Òkun tiwa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bínú, ìgbì rẹ̀ sábà máa ń wá láti apá kan náà, nítorí náà wọ́n lè de ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dúró gbọin. Ní òkun àríwá Yúróòpù, ìjì ń yí ojú padà lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ọkọ̀ mọ́ ojúkò kan ṣoṣo kó lè máa yí bí atẹ́gùn bá ṣe darí rẹ̀.

Ọjà rẹ̀ wá ńkọ́? Ní ọdún 1977 ni Shell kọ́kọ́ lo irú ọkọ̀ yìí, lórí omi orílẹ̀-èdè Spain, níbi tí wọ́n ń pè ní Castellon. Lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri ayé ju 150 lọ. Kò sí méjì tó rí bákan náà délẹ̀délẹ̀, nítorí epo ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, omi rẹ̀ yàtọ̀, gáàsì inú rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan yóò sọ ohun tó fẹ́, yóò dúró dè é fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, yóò sì san owó tabua.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ní in. Ilé-iṣẹ́ epo lè ra tirẹ̀. Ó sì lè háyà. Àwọn ọkọ̀ ńlá Nàìjíríà, Bonga, Agbami, Akpo, Egina, ti àwọn ilé-iṣẹ́ epo tó ń lò wọ́n ni. Níbi tí epo kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, háyà ló dára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lórí pápá epo Anyala tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2020. Yinson, ilé-iṣẹ́ Malaysia kan, ló ni ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó háyà ń san iye kan lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá epo wọ́n, bóyá ó pọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ báyìí háyà kò pọ̀ rárá. SBM Offshore ti Netherlands àti MODEC ti Japan ló gbajúmọ̀ jù, BW Offshore ti Norway, Yinson àti Bumi Armada ti Malaysia tẹ̀ lé wọn. Ìdí tí wọn kò fi pọ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá bílíọ̀nù dọ́là ná kí ó tó rí kọ́bọ̀ gbà. Ọwọ́ epo ni ọmọ aráyé ń bá ni lá. Nígbà tí àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ ní ìdajì ọdún 2014, báńkì ń sáré kiri láti yá wọn lówó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2016, ó ti já sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là, kò sì fẹ́ẹ̀ sí ẹni tó tún ń béèrè ọkọ̀ tuntun. Àwọn yáàdì tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn ilé-iṣẹ́ kan kúrò nínú òwò náà pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tún padà dé wìtìwìtì. Petrobras ti Brazil, tó ń lò ó jù lọ láyé, túbọ̀ ń kó ọkọ̀ lọ sórí epo tó wà lábẹ́ àpáta iyọ̀. Guyana náà dé. Orílẹ̀-èdè kékeré yẹn kò fa ẹ̀kán epo kan rí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2019 tí ọkọ̀ Liza Destiny bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Liza Unity tẹ̀ lé e ní 2022, Prosperity ní 2023, One Guyana ní 2025. SBM ló kọ́ gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n lè yára, SBM ń jẹ́ kí wọ́n kan ìdí ọkọ̀, ìyẹn ara ọkọ̀ tó ń léfòó, sílẹ̀ ní yáàdì ilẹ̀ China kí oníbàárà tó dé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí yóò rà á ń bọ̀.

Ìdí ọkọ̀ tuntun, Korea àti China ló ń kàn án jù. Ẹlòmíràn kì í kan tuntun. Yóò ra ọkọ̀ àgbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ru epo káàkiri ayé, yóò gbé e lọ sí yáàdì ní Singapore tàbí ní China, wọ́n á pààrọ̀ irin tó ti jẹ, wọ́n á sì to ẹ̀rọ lé e lórí. Ó dín owó kù, ó sì yá. Nítorí náà ni Nàìjíríà, Angola, Brazil, Guyana àti Namibia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí epo ní 2022, fi jọ ń to orí ìlà kan náà níwájú àwọn yáàdì díẹ̀ àti àwọn ayáni-lówó díẹ̀. Ẹni tí òfin rẹ̀ bá ń yí padà lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn. Wọ́n fọwọ́ sí owó iṣẹ́ Egina ní 2013. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti Bonga North. Ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, orí òfin epo tuntun ni àwọn aṣòfin wa wà, tí wọ́n ń jà á síwá sẹ́yìn títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí ààrẹ fọwọ́ sí i.

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ injiníà ní LAUTECH béèrè pé níbo ni tàwọn wà nínú gbogbo èyí. Egina ni mo máa ń sọ fún un. Òfin ọdún 2010 ló ní kí iṣẹ́ epo máa lo ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà àti ohun èlò tí a ṣe nílé. Samsung kan ìdí ọkọ̀ Egina ní Geoje ní Korea, ọkọ̀ tó gùn tó 330 mítà. Dípò kó gba ojú omi lọ tààrà sórí epo, Èkó ló kọ́kọ́ gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, sí yáàdì tí wọ́n kọ́ sí èbúté LADOL. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé àwọn ẹ̀rọ mẹ́fà tí wọ́n jó pọ̀ ní Nàìjíríà lé e lórí. Àwọn wẹ́dà wa, àwọn afapáìpù wa, àwọn tó ń yẹ ojú irin tí wọ́n jó wò bóyá ó ní sísán tí ojú kò lè rí, wọ́n ṣe é yanjú. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni epo kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ yẹn lọ tán, kò sí ọkọ̀ ńlá mìíràn tó tẹ̀ lé e wá. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ nílò iṣẹ́ mìíràn kí ó má baà gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta díísù wà.

Ọdún 1993 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú àdéhùn tí à ń lò lórí epo agbami. Ìjọba kò ní owó tó máa fi bá àwọn òyìnbó dá sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ilẹ̀. Wọ́n wá fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ilé-iṣẹ́ epo ná gbogbo owó, láti orí wíwá epo títí dé orí ọkọ̀. Bí wọn kò bá rí epo, wọ́n gbé àdánù wọn lọ sílé. Bí wọ́n bá rí i, ìjọba yóò yọ owó ẹ̀tọ́ tirẹ̀ (royalty) bí òfin bá fún un, ilé-iṣẹ́ epo yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó tó ti ná nínú epo tó ń jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó-orí, ẹ̀yìn owó-orí ni wọ́n tó wá pín èrè tó ṣẹ́ kù láàárín ilé-iṣẹ́ náà àti NNPC.

Ẹ dúró níbí díẹ̀. Owó ọkọ̀ wà lára owó tí wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Bí wọ́n bá ra ọkọ̀ ní iye tó ju bó ṣe yẹ lọ, bí iṣẹ́ bá pẹ́ ní yáàdì, àwa náà wà lára àwọn tó ń san án, torí ó ń jẹ nínú èrè tí a máa pín. Nítorí náà, iye àgbá tó ń jáde lójúmọ́ tí wọ́n ń kà lórí rédíò kò sọ iye tó ń wọlé fún Nàìjíríà. Ọ̀kan lè ga kí èkejì sì kéré, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́ tí gbèsè ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn.

Owó ẹ̀tọ́ yẹn náà ní ìtàn. Òfin ọdún 1999 ní kó máa dín kù bí omi bá ṣe ń jìn sí i. Níbi tí omi bá ti ju 1,000 mítà lọ, òdo ni ìjọba ń gbà. Mi ò dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn. Owó epo rẹlẹ̀ gan-an nígbà náà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa pa owó. Òfin kan náà ló sì sọ pé bí àgbá kan bá ti ju 20 dọ́là lọ, kí ìjọba tún àdéhùn náà gbé yẹ̀ wò kí ìpín tiwa lè pọ̀ sí i. Epo kọjá 20 dọ́là láìpẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ó dé 147. Kò sẹ́ni tó tún òfin náà ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ Rivers, Bayelsa àti Akwa Ibom gbé ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ sì wáyé ní 2018, kí àwọn aṣòfin tó wá tún un ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, tí wọ́n fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ogún ọdún gbáko. Kì í ṣe òyìnbó ló di ọwọ́ wa mú. Orí ìwé tí a fi ọwọ́ ara wa kọ la sùn lé. Òfin ọdún 2021 tún dín in kù sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn 50,000 àgbá àkọ́kọ́ lójúmọ́ àti 7.5 fún èyí tó bá lé, fún àwọn tó bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fi èyí tó ń tẹ̀ lé iye tí epo ń lọ lọ́jà kún un. Wọ́n ṣe é kí àwọn olówó má baà gba Guyana lọ.

Kí wá ni ìyẹn kan ará Ògbómọ̀ṣọ́? Àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń fa epo ń gba ó kéré tán 13 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó pín ìyókù fún gbogbo wa. Òfin ọdún 2004 ní ìpínlẹ̀ etíkun lè ka epo inú òkun mọ́ tirẹ̀ dé ibi tí omi ti jìn tó 200 mítà. Èyí tó bá ti kọjá ìlà yẹn, ti àpapọ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni Bonga, Agbami àti Egina wà. Ẹ̀tọ́ tí ará Ọ̀yọ́ ní sí epo agbami kò kéré sí ti ará Yenagoa. Àpò àpapọ̀ ni owó náà ń bọ́ sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in lóṣooṣù fún ìjọba àpapọ̀, fún ìpínlẹ̀, àti fún ìjọba ìbílẹ̀, títí kan Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í gba ilé-epo wá sọ́dọ̀ wa. Ìdáhùn tí mo jẹ fún ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò iye epo tó ń jáde láti Bonga, iye tí gbogbo ayé ń tà á ni wọ́n ń tà á, ìbáà ṣe oníbàárà India ló rà á, ìbáà ṣe ilé ìfọpo tiwa. Bí ó bá wọ́n lágbàáyé, owó tó ń wọ àpò ìjọba á pọ̀ sí i, díísù tó ń tà á sì wọ́n sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ewu rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nígbà tí wọ́n ń fa epo láti Bonga sínú ọkọ̀ oníbàárà, nǹkan bí 40,000 àgbá dà sínú òkun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2022, ọkọ̀ Trinity Spirit bú gbàmù níwájú etíkun Delta, ó jóná, ó sì rì. Àwọn ènìyàn mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, àwọn kan kú. Ọdún 1976 ni wọ́n ti kan ọkọ̀ yẹn. Lílo ọkọ̀ àgbà kò burú fúnra rẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn ni kí owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ó dáwọ́ àtúnṣe dúró, kí ìjọba sì mọ̀, kí wọ́n má wọ́ ọ kúrò lórí omi. Iyọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹ irin.

Gáàsì náà ti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń sọ gáàsì di olómi lórí omi kí wọ́n lè gbé e lọ tà. Prelude tó wà ní Australia gùn tó 488 mítà, Coral Sul bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gáàsì jáde ní Mozambique ní 2022, Cameroon tó múlé tì wá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀ ní 2018. Nàìjíríà ti fún ilé-iṣẹ́ UTM ní àṣẹ láti ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé orí omi.

Bonga North tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀ kò ní ọkọ̀ tuntun rárá. Kànga mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sísàlẹ̀ òkun, páìpù á sì kó epo wọn lọ sórí ọkọ̀ Bonga àtijọ́, èyí tó ti wà lórí omi láti oṣù Kọkànlá ọdún 2005, tó sì ti fa bílíọ̀nù kan àgbá jáde ní 2023. Wọ́n ń retí kí epo jáde níbẹ̀ kí ọdún 2030 tó dé. Ọgbọ́n ni, ó dín owó tí wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kù. Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ fún àbúrò mi ni títún ọkọ̀ àgbà ṣe àti jíjó irin tó ń lọ sísàlẹ̀ òkun. Èyí tó máa nílò ọkọ̀ tuntun pátápátá ni Bonga South West, tí wọ́n ti ń sún síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fọwọ́ sí ìyẹn, ẹ béèrè yáàdì tó máa kàn án, ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá yóò gba Èkó kọjá.